Àjàrà Olórúkọ Méjì

Lọ́dún 1991, ẹni tó bá gba Moniya kọjá á rò pé gbogbo ìlú ti ya ọ̀mùtí. Nínú ọgbà ilé-ìwé, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, nínú bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, orúkọ àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe ọtí wáìnì ni wọ́n ń fi jiyàn. “Mẹ́lọ̀ ni, pupa ni!” “Irọ́ ni, Rísílìn ni, funfun ni!” Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó mu ife wáìnì kan tán rí láyé rẹ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni apá kan, Mùsùlùmí ni apá kan, ìwọ̀nba ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó kù sì ń sọ pé èyí tí àlùfáà ń fi kan àwọn lẹ́nu nígbà Ìdàpọ̀ Mímọ́ kò tó ohun tí ènìyàn ń pè ní mímu.

Ìdíje Ìbéèrè àti Ìdáhùn ló kó wọn sí i. Bàbá Adéwọlé, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá a sílẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn tíṣà Moniya á jókòó sí apá kan gbọ̀ngàn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ọ̀gbìn á jókòó sí apá kejì, Bàbá á sì jókòó sáàárín pẹ̀lú agogo kékeré níwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n máa ń mú lọ́dún. Lọ́dún yìí, Dókítà Jùbrílù, onímọ̀ ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ni wọ́n ní kó yàn wọ́n, kó sì kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sínú káàdì. Ó yan àwọn òṣìṣẹ́ olókìkí tí wọ́n tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ ibi iṣẹ́ wọn fáyé gbọ́. Ó tún yan àjàrà.

Àwọn alàgbà kan nínú ìjọ kùn. Wọ́n ní kí ni Onítẹ̀bọmi ń fi orúkọ ọtí ṣe. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo mọ orúkọ gbogbo ejò tó wà nínú igbó Ìjàyè, ejò kan ò sì tíì bù mí jẹ nítorí ẹ̀. Ìmọ̀ kì í pa ènìyàn bí ọtí.” Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Àmọ̀pé ló máa ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá. Òun ló ń di káàdì ìdáhùn mú, òun ló ń kọ máàkì sára pátákó. Tíṣà ni òun náà, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ó mọ ìwé ni Bàbá ṣe fi í síbẹ̀. Ọmọ tí Bàbá tọ́ ni. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá tó bí i, ní Ìjàyè, òun ló sì mú un wá bá Bàbá, tó ṣì jẹ́ tíṣà, nígbà tó parí ìwé mẹ́fà, tó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi tọ́ ọ. Bó bá gọ̀, ẹ nà án. Bó bá gbọ́n, tiyín ni.” Báyìí ni ọmọ Ìjàyè ṣe dọmọ Moniya. Ó pọnmi, ó gbálẹ̀, ó sì kàwé.

Lálaalẹ́, tí Àmọ̀pé bá jókòó sórí àpótí kékeré lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, Bàbá á máa bi í ní ìbéèrè láti orí àga. Odò wo ló gùn jù? Ta ló kọ́kọ́ tẹ ìwé Yorùbá? Bó bá gbà á, Bàbá á pe oríkì rẹ̀, á fa ohùn náà gùn títí ará ilé kejì á fi gbọ́: “Àmọ̀pé-é-é!” Bó bá ṣì í, tó wá fẹ́ jiyàn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Bàbá máa ń sọ: “Lọ wo ìwé ná, kó o tó wá bá mi jà.” Ọmọ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà á rò pé yóò rántí ẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó rántí.

Lọ́jọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Dókítà Jùbrílù nìkan ni kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ti gbé e lọ sí Sààríà. Ẹ̀kọ́ kìíní ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló gbé ìwé àṣírí ogun Vietnam fún àwọn oníwèé ìròyìn lọ́dún 1971? Daniel Ellsberg. Agogo dún. Ọlọ́pàá wo ló jẹ́rìí níwájú ayé pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti jẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá New York dé eegun? Frank Serpico. Agogo tún dún. Àwọn tíṣà ń gbà á, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà á, àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn akọni tí wọn ò rí rí.

Nígbà tí ìyẹn parí, Bàbá dìde. Bàbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, kò sí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi orúkọ wọn gba máàkì lásán. Ẹni tó rí ibi tó dákẹ́, ó ti bá wọn dá sí i. Kì báà ṣe bàbá rẹ ló ń ṣe é, dìde, kó o sọ ọ́.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àmọ̀pé náà pàtẹ́wọ́, ara rẹ̀ sì yá gágá.

Wọ́n bọ́ sórí àjàrà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń le. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Olúfúnmi, tó ń tọ́jú ìwé ní yàrá ìkàwé ilé ìwádìí. Ọmọ àbúrò Bàbá ni, gbogbo Moniya ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti dáhùn ọ̀kan tẹ́lẹ̀ nígbà tí àwọn kan ní àkókò ti tán, Bàbá sì gbà á. Àwọn tíṣà tó jókòó lẹ́yìn Àmọ̀pé ti ń kùn. Ẹnìkan ní, “Ẹbí ò ṣeé fi ṣeré o.” Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Àmọ̀pé gbọ́ ọ, ó sì bà á nínú jẹ́, nítorí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni àwọn tíṣà jẹ́.

Nígbà tó ku ìbéèrè kan, máàkì àwọn méjèèjì dọ́gba. Bàbá ka ìbéèrè náà fún àwọn òṣìṣẹ́: “Àjàrà funfun wo ni wọ́n ń gbìn jù lọ ní South Africa?”

Olúfúnmi dìde. Ó ní, “Steen ni, sà.”

Bàbá lu agogo. “Ó gbà á!”

Àmọ̀pé wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. Chenin Blanc ló wà níbẹ̀. Ó tún un wò. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kò fara jọ Steen rárá, kò sì sí orúkọ mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dìde, wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn. Ó fẹnu sí Bàbá létí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, kì í ṣe ohun tó wà nínú káàdì nìyẹn.”

Bàbá rọra dáhùn, “Mo mọ̀. Ó gbà á. Kọ ọ́.”

Ká ní ó kọ ọ́ ni! Ká ní ó tilẹ̀ fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá, tó ní kí wọ́n jọ wo ìwé nílé! Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ru sókè. Ó rántí pé Bàbá ní kì báà ṣe bàbá ẹni. Ó rántí àwọn tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó dìde tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó sì fi ohùn tí ó fi ń kọ́ ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀! Kì í ṣe ìdáhùn nìyẹn. Chenin Blanc ni ìdáhùn, Steen ló sọ. Àjàrà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti sọ fún Bàbá, Bàbá ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè kọ ọ́.” Ì bá dúró níbẹ̀. Kò dúró. “Ọmọ wọn ni Olúfúnmi, gbogbo wa la mọ̀. Ohun tí kò dáa, kò dáa.”

Àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, wọ́n ń pe Àmọ̀pé ní Serpico. Olúfúnmi bú sẹ́kún. Bàbá wo Àmọ̀pé. Kò bínú, tàbí bó bínú, kò hàn lójú rẹ̀. Ńṣe ló wò ó bí ẹni tó ń retí kí ọmọ parí àròkọ rẹ̀ kó tó kọ nǹkan sí i. Ó yí padà sí àwọn èrò. Ó ní, “Ẹ ti gbọ́ ohun tí akọ̀wé mi sọ. Àwọn tíṣà ló borí.” Ó gbé agogo rẹ̀ sínú àpò agbádá, ó sì gba ẹ̀yìn jáde.

Fún ìwọ̀nba ọjọ́ kan, Àmọ̀pé di ẹni ńlá. Wọ́n ń kí i lọ́nà, ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ní irú rẹ̀ ni Nàìjíríà ń fẹ́. Oorun ò sì fi bẹ́ẹ̀ kùn ún, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òtítọ́ korò ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Dókítà Jùbrílù dé láti Sààríà, tó yà sí ilé-ìwé láti gbọ́ bí ìdíje ṣe lọ. Àmọ̀pé fi ìgbéraga sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dé orí Steen, Dókítà pàtẹ́wọ́.

“Hàbà! Ta ló mọ Steen ní Moniya níbí? Ẹni yẹn kàwé o! Orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ South Africa fi ń pe Chenin Blanc nìyẹn. Ọ̀kan náà ni. Àwọn tó ń gbìn ín gan-an, ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n kọ orúkọ méjèèjì síbẹ̀.” Ó wá rí ojú rẹ̀. “Ìyáàfin, kí ló dé?”

Àmọ̀pé jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Òun, ọmọ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ ń pè lórúkọ kan, tí ìyá bàbá rẹ̀ ń pè ní òmíràn, tí ilé ọkọ sì fún ní ẹ̀kẹta, òun ló dìde láàárín ìlú, tó ní nǹkan tó bá ti lórúkọ méjì ti di nǹkan méjì. Ó sì ti pe ẹni tó tọ́ ọ ní olójúsàájú lórí ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló gbọ̀nà ilé Bàbá. Ó rìn dé ibi tó ti ń rí òrùlé páànù náà, tó ń rí èéfín lẹ́yìn ilé. Ó dúró. Kí ni yóò kọ́kọ́ sọ? Ta ni yóò bá a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀? Ẹni tó ṣẹ àgbà ní gbangba, ṣé ó ń dá yọjú sí i ní? Ó yí padà sílé. Nígbà tó sọ fún ọkọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí náà ní, “O ṣe dáadáa tí o kò dá lọ. Irú èyí, àgbà là ń kó ṣáájú lọ. Àrífín mìíràn ni tó o bá dá yọjú.” Ọ̀rọ̀ náà bá àṣà mu. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi lórí rẹ̀.

Alhaji Sùnmọ́nù, alága ẹgbẹ́ ìdíje, ni àgbà tó yẹ kó ṣáájú. Ṣùgbọ́n Alhaji ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Mẹ́kà. Ó ní, “Dúró dè mí, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kò ní kánjú.” Àmọ̀pé dúró dè é. Alhaji dé, àárẹ̀ mú un. Ara rẹ̀ yá, alàgbà tí yóò ṣojú ìjọ Bàbá ti rìnrìn àjò. Òjò bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo yọ. Ní gbogbo ìgbà yìí, Àmọ̀pé ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà kó má baà kọjá níwájú ilé Bàbá, nítorí ojú ń tì í láti kí ẹni tí kò tíì bẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí èmi nínú sí ọ̀rọ̀ yìí: nígbà tí obìnrin yìí fẹ́ fẹ̀sùn kan Bàbá, kò wá àgbà kankan. Ìgbà tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ló wá ń wá àgbà kiri ìlú.

Wọ́n lọ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan: Alhaji Sùnmọ́nù níwájú, alàgbà tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí, Àmọ̀pé lẹ́yìn pátápátá. Bàbá gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Màmá Fẹ̀yìntọlá, ìyàwó rẹ̀, gbé mínírà àti bisikíìtì kalẹ̀. Àmọ̀pé kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, Alhaji sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Alhaji mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó pa òwe ọmọdé, ó pa òwe àgbà, ó ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́, ṣùgbọ́n àgbà tó gbọ́n a máa gbá èèpo rẹ̀ dànù kí ó má baà gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Alàgbà fi ẹsẹ Bíbélì tì í lẹ́yìn. Àmọ̀pé fúnra rẹ̀ kò rí ju “Ẹ jọ̀ọ́, sà” sọ, ẹkún gba ìyókù.

Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ẹni tí irú ẹ̀yin wọ̀nyí bá wá sí ilé rẹ̀, kò lẹ́nu láti sọ pé òun ò gbà. Nítorí tiyín, ó ti tán. Mi ò ní in sínú. Ẹ dìde, Ìyáàfin Adéyẹmí.”

Gbogbo wọn ṣe àmín. Alhaji yọ̀, ó ní òun ti mọ̀ pé Bàbá kì í ṣe abínú ẹni. Àmọ̀pé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà gún lọ́kàn. Kò sí ìgbà kan rí, kí ó tó relé ọkọ àti lẹ́yìn tó relé ọkọ, tí Bàbá pè é ní Ìyáàfin, tó sì pè é ní ẹ̀yin.

Ó bá Màmá kó ife lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àpótí kékeré rẹ̀ wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti gbé ìkòkò omi lé e. Màmá rí i pé ó ń wò ó.

“Bàbá ẹ ló ní kí n gbé àpótí yẹn síta lọ́jọ́ kejì ìdíje,” ni Màmá wí. “Ó ní ìwé ló fẹ́ kó o wò. Ó ti ṣí ìwé ńlá náà sí ojú ewé àjàrà ọ̀hún, ó gbé e sórí itan. Ó ní, ‘Àmọ̀pé á wá bá mi jà lónìí.’ O ò wá. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ó pẹ́ kó tó gbé ìwé wọlé.”

“Màmá, kí ló dé tí wọn ò sọ òtítọ́ náà ní gbọ̀ngàn?”

“Mo bi í. Ó ní bí òun bá ṣàlàyé, àwọn èrò á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, níbi tí òun fúnra òun gbé ọ jókòó sí. Ó ní òun yóò bá ọ wí nílé.” Màmá da omi sí ife kan, ó ṣàn án. “Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ká ní ìwọ nìkan lo wá, pẹ̀lú aṣọ ilé lára, ẹ̀rín ni ì bá fi ọ́ rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ò ń kó àgbà jọ, ó ní, ‘Ó dáa. Ó ti di àlejò.’”

Àmọ̀pé kò lè mú un mọ́ra mọ́. Àwọn àgbà ti ń jáde lọ sí ibi ọkọ̀. Ó sáré padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí Bàbá dá jókòó sí, ó sì kúnlẹ̀, láìsí Alhaji, láìsí òwe.

“Bàbá,” ó ní. “Èmi ni. Àmọ̀pé ni.”

Bàbá wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀, ẹ̀rín díẹ̀ tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ó nawọ́, ó fi kan èjìká rẹ̀, bí a ti ń fi ọwọ́ kan ìyàwó olóyè tó wá kí wa.

“Mo mọ̀, Ìyáàfin Adéyẹmí,” ni ó wí. “Ọ̀kan náà ni. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.”

Bàbá lo ọdún bíi mélòó kan sí i láyé. Lọ́dọọdún ni Àmọ̀pé ń gbé iṣu Ìjàyè lọ fún un, Bàbá á sì dúpẹ́, á béèrè ọkọ, á béèrè iṣẹ́, á ní kí wọ́n fún Ìyáàfin ní àga. Ó ń jókòó sórí àga náà. Nígbà mìíràn, tí Màmá bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé, Àmọ̀pé á dákẹ́, á máa dẹtí bóyá ìbéèrè kan á jáde lẹ́nu Bàbá. Ó ti ń kàwé sílẹ̀ dè é.